Ìjókòó Mẹ́rin

Fálúyì kò fi máìlì wọn ọ̀nà.
Èédú ló mú, ó fà á sórí sìmẹ́ǹtì ẹnu géètì,
ìlà mẹ́ta: ọ̀kan tààrà, ọ̀kan lọ́ bí ejò,
ọ̀kan tó fà dé ìdajì, tó sì fi ẹsẹ̀ pa rẹ́.
"Èyí," ó ní, "ìjókòó kan ni.
Ẹ ó jókòó lẹ́ẹ̀kan, ẹ ó dìde, ẹ ti dé ìsàlẹ̀ Àrìnta.
Èyí, ìjókòó mẹ́rin. Ẹ̀yìn òkè ló gbà dé orí omi."
Ó wo orúnkún mi. Ó wo ọ̀pá ọwọ́ mi.
Kò sọ nǹkan kan mọ́. Ọmọlúàbí ni.

Mo bi í pé ìkẹta ńkọ́, èyí tó pa rẹ́?
"Ìyẹn, Bàbá, ọ̀nà oko kòkó ni tẹ́lẹ̀.
Àwọn tó ń rìn ín ti kú, tàbí wọ́n wà l'Ékòó.
Igbó ti gbà á padà, kò sì tọrọ gáfárà."

Lálẹ́, a pàgọ́ sídìí igi arère kan lẹ́yìn Ìpólé-Ìlórò.
Àjíbádé, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, ń so okùn àgọ́ mọ́ èèkàn
bí ẹni ń so ewúrẹ́ alágídí.
Ìyá rẹ̀, Ìbídùn, ń ka ẹrù lábẹ́ tọ́ọ̀ṣì:
gààrí, ẹja díndín, ike omi mẹ́fà,
ìṣáná tó fi ọ̀rá wé, ìpara orúnkún mi.
"Bàbá, ìjókòó kan tó wa.
Ẹni tó wo omi láti ìsàlẹ̀ náà ti rí omi."
Òótọ́ ni. Mi ò jiyàn.
Ọmọ náà ní orí òkè lòun fẹ́ dé,
òun fẹ́ mọ ibi tí omi ń dúró sí
kó tó pinnu láti já bọ́.

Mo dùbúlẹ̀. Òtútù ilẹ̀ ń gba inú ẹní wọlé.
Mo ń ro ọdún tí èmi àti ìyá Ìbídùn wá síhìn-ín,
ọ̀kadà kan, búrẹ́dì kan, a ò ní àgọ́,
a sùn nílé tíṣà kan tí adìyẹ ń yé sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì rẹ̀.
Ọ̀nà gígùn ló yàn. Èmi ni mo ní kúkurú tó.
Ìjókòó mélòó la jókòó? Mi ò kà á.
Ẹsẹ̀ ń bẹ nígbà náà; ẹni tó lówó kì í ka kọ́bọ̀.
Nǹkan kan ṣoṣo ni mo rántí: ó bọ́ bàtà,
ó há a sábíyá, ó ń lọ níwájú mi,
àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ pupa fún erùpẹ̀.

Ilẹ̀ mọ́. Kùrukùru bo òkè bí ìdérí ìkòkò.
Fálúyì dé tòun ti àdá, ó ń jẹ iṣu sísun.
"Èwo lẹ mú?"
Ìbídùn lanu. Mo yá jù ú lọ:
"Mẹ́rin."
Ó wò mí. Ojú ìyá rẹ̀ ni.
Ó ki ìpara bọ àpò, ó fi ike omi kan kún un.
Ó kàn ní, "Tó bá di ẹlẹ́ẹ̀karùn-ún, ẹ̀ ń padà."

Ìkíní, orí gbòǹgbò; ìjàlọ lé wa dìde.
Ìkejì, òkúta tó tutù bí ìdí àmù.
Ọmọ náà rí ìgbín méjì níbẹ̀, ó kí wọn,
ó ní àwọn náà ń lọ sórí omi.
Ìkẹta ni mo wà yìí. Mo ń kọ èyí
sẹ́yìn páálí ìpara, bíró mi ń yọnu.
Lọ́wọ́ ọ̀tún mi ni ọ̀nà oko àtijọ́ yẹn ti yà.
Mo dá a mọ̀: igi kòkó mẹ́ta ṣì tò nínú igbó,
wọ́n so, kò sẹ́ni tó ká a.
Mo fi ọ̀pá kan ẹnu rẹ̀. Mi ò wọlé.

Fálúyì ní ká máa lọ, òjò ti ṣú.
Mo ní kó mú sùúrù díẹ̀.
Mo ń gbọ́ nǹkan kan lókè,
ọmọ náà ní afẹ́fẹ́ inú ewé ni.
Bóyá.
Ìjókòó kan ló kù.